Ta Ló Yẹ Kó Pín Owó Kánsù?

Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kọjú ìjà sí ìjọba ìbílẹ̀ Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 1946, igbe pé àwọn ò san owó orí mọ́ ni gbogbo ayé gbọ́. Ohun tí àwọn tó ń pa ìtàn náà kì í sábà mẹ́nu bà ni pé Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí rẹ̀, gba oníṣirò owó kan pé kó bá wọn yẹ ìwé owó ìjọba náà wò. Láti ọdún 1918 ni obìnrin ti ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀ l'Ábẹ́òkúta, ọmọbìnrin tó bá sì ti pé ọdún 15 ti wọ agbo àwọn tó ń san án. Síbẹ̀ kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó ọ̀hún. Wọ́n fẹ́ mọ iye tó wọlé, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tó gbà lọ. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, obìnrin tó ju 10,000 lọ kún iwájú ààfin Aláké. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa rọlẹ̀, Aláké Adémọ́lá Kejì ti fi ìlú sílẹ̀, wọ́n ti fagi lé owó orí obìnrin, obìnrin mẹ́rin sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tuntun.

Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ó kan àwọn àgbẹ̀. Lọ́dún 1968 sí 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn. Owó kòkó kò dára, owó orí ń ga sí i, àwọn òṣìṣẹ́ kánsù ń wọ abúlé wá mú èèyàn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà oko kò ṣeé gbà. Ohun tí Táfà Adéoyè, ọ̀kan lára àwọn olórí wọn, àti àwọn èèyàn rẹ̀ béèrè kò le rárá: kí owó orí wálẹ̀, kí wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ kánsù tó ń rẹ́ wọn jẹ, kí wọ́n sì tún ọ̀nà abúlé ṣe. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba ológun tó gbọ́. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní láti wọ inú oko lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó tutù, wọ́n sì já owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ún méjì.

Lẹ́yìn tí owó ti jáde lápò tán ni wọ́n ja ìjà méjèèjì yìí. Ṣé kò lè ṣeé ṣe kí ará ìlú jókòó ti owó náà kí wọ́n tó ná an, láìsí pé ẹnikẹ́ni yọ àdá? Ó ṣeé ṣe. Ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì ṣe é fún ọdún tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, gbogbo ayé sì wá wò ó.

Porto Alegre ni wọ́n ń pe ìlú náà, olú ìlú ìpínlẹ̀ Rio Grande do Sul, ní ìsàlẹ̀ gúúsù Bràsíìlì. Èèyàn bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ló ń gbé ibẹ̀. Kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá tán: nínú ẹ̀sìn Batuque tí àwọn ọmọ ẹrú mú dúró níbẹ̀, agbo kan ń jẹ́ Oyó, òmíràn ń jẹ́ Ijexá, wọ́n sì ń júbà Èṣù, tí àwọn ń pè ní Bará, láàrin gbùngbùn ọjà ńlá ìlú náà títí di òní olónìí.

Ìjọba ológun kógbá sílé ní Bràsíìlì lọ́dún 1985. Ìwé òfin tuntun tó jáde lọ́dún 1988 fi kún owó tó ń dé ọwọ́ àwọn ìjọba ìlú, lọ́dún yẹn kan náà sì ni Ẹgbẹ́ Òṣèlú Àwọn Òṣìṣẹ́ wọlé ìbò ní Porto Alegre. Olívio Dutra, òṣìṣẹ́ báńkì tó ti ṣe olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rí, ló di olórí ìlú ní oṣù kìíní ọdún 1989. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn olóṣèlú ni wọ́n kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ìṣúná yìí sílẹ̀. Kí wọ́n tó dórí àléfà ni àjọ tó kó ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò jọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, ti ń pariwo pé kí ìjọba jẹ́ kí àwọn dá sí bí owó ìlú ṣe ń lọ. Àwọn tó ń gbé inú ẹrẹ̀, tí omi ẹ̀rọ ò dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọn ò ní ìwé ilẹ̀, ni wọ́n wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún àkọ́kọ́ kò dùn. Nígbà tí ìjọba tuntun máa ṣí àpótí, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo owó tó ń wọlé lọ. Àwọn èèyàn wá sí ìpàdé, wọ́n ka ohun tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀ bẹẹrẹ, ọdún sì yí po láìsí ohun tó jọ ọ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1990, àwọn tó wá sí ìpàdé kò pé 1,000. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjọba ìbá ti ká ẹní rẹ̀ nìyẹn. Ti Porto Alegre kò ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n ṣàtúnṣe sí owó orí ilé àti ilẹ̀ kí àwọn olówó lè san iye tó tọ́ sí wọn, wọ́n dín ìnáwó kù níbi tó yẹ, nígbà tí owó sì yọjú, iṣẹ́ tí àwọn ará àdúgbò dárúkọ ni wọ́n fi ṣe. Láti ìgbà yẹn ni èrò ti ń ya wá. Báńkì Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tó fi máa di ọdún 1999, àwọn tó ń kópa ti tó 40,000.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn ló yẹ ká fara balẹ̀ wò. Wọ́n pín ìlú sí ẹkùn mẹ́rìndínlógún. Bí oṣù kẹta bá ti ń wọlé, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ káàkiri, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, nínú ilé ìjọsìn, nínú ilé ẹgbẹ́. Ìròyìn ọdún tó kọjá ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbọ́. Ìjọba a máa tẹ ìwé pélébé kan jáde lọ́dọọdún tí wọ́n kọ gbogbo iṣẹ́ tí ìlú fọwọ́ sí sínú rẹ̀: òpópónà wo ló máa gba ọ̀dà, ibo ni páìpù omi máa dé, ilé ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n máa kọ́, èló ni yóò ná wọn. Ará àdúgbò á gbé ìwé náà dání wá sípàdé, á ṣí ojú ewé tó kan ẹkùn rẹ̀, á sì bi olórí ìlú gan-an, níwájú gbogbo èèyàn, pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbí dà? Ẹni tí wọ́n bi ò ní ibi tó lè sá gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á pín ara wọn sí kéékèèké ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan láti to ohun tí wọ́n ń fẹ́ léra: èwo ló ṣe kókó jù, èwo ló tẹ̀ lé e. Wọ́n á yan aṣojú. Iye èrò tí àdúgbò bá kó wá sípàdé ló ń sọ iye aṣojú tí wọ́n máa ní, ìdí nìyẹn tí àwọn òtòṣì, tó jẹ́ pé èrò nìkan ni wọ́n ní, fi lè bá olówó du ipò níbẹ̀. Àwọn aṣojú yìí ń kó ara wọn jọ lọ wo ilẹ̀ ọ̀dọ̀ ara wọn. Ẹni tó wá jà fún ọ̀dà òpópónà rẹ̀ á dé ibi tí ìdọ̀tí ìgbẹ́ ti ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọmọlọ́mọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ń gbà pé kí ti ẹni yẹn ṣáájú.

Èèyàn méjì láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ń wọ ìgbìmọ̀ ìṣúná. Wọn ò gba owó oṣù. Ẹni tó bá di ipò òṣèlú mú kò lè wọ ibẹ̀, àwọn tó yan aṣojú sì lágbára láti yọ ọ́ bó bá hùwà tí kò tọ́. Ìgbìmọ̀ yìí ni wọ́n ń jókòó pẹ̀lú àwọn ẹnjiníà àti àwọn oníṣirò ìjọba, tí wọ́n sì ń fi máàkì pín owó. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bí ẹkùn náà ṣe ṣaláìní nǹkan tí wọ́n ń béèrè tó, iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀, àti ipò tí àwọn ará ibẹ̀ fi nǹkan náà sí nínú ètò tí wọ́n tò. Bí ẹkùn kan bá kéré, ṣùgbọ́n tí kò sí ọ̀dà ní ọ̀pọ̀ òpópónà rẹ̀, máàkì tó máa gbà nínú owó ọ̀dà lè ju ti ẹkùn ńlá tí ọ̀dà ti kárí lọ. Wọ́n tẹ òfin máàkì yìí jáde kí gbogbo èèyàn lè ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra wọn. Ìpín ẹnìkan kò lè tóbi nítorí pé ó mọ olórí ìlú.

Tó bá di òpin oṣù kẹsàn-án, ìwé ìṣúná ti gbọ́dọ̀ dé iwájú àwọn aṣòfin ìlú. Àwọn ni òfin fún láṣẹ láti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n aṣòfin wo ló máa fẹ́ fa igi lé iṣẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó dìbò fún un jókòó tì láti oṣù kẹta?

Owó oṣù òṣìṣẹ́ àti gbèsè kò sí nínú ohun tí wọ́n ń pín. Owó iṣẹ́ tuntun ni: ọ̀nà, omi, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tó ṣe. Báńkì Àgbáyé ṣe ìṣirò pé ilé tí omi ẹ̀rọ àti páìpù ìdọ̀tí dé ní Porto Alegre jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 1988. Nígbà tó di ọdún 1997, ó ti di ìdá 98. Iye ilé ẹ̀kọ́ ìlú di ìlọ́po mẹ́rin ti ọdún 1986. Àdúgbò bíi Restinga, ibi jíjìnnà tí ìjọba kó àwọn òtòṣì dà sí láti àárín ìlú ní àwọn ọdún 1960 síwájú, wá ní ẹnu níbi tí wọ́n ti ń pín owó. Lọ́dún 1996, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka ètò náà mọ́ àwọn tó dára jù lágbàáyé nínú ìṣàkóso ìlú. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká: Chicago gbà á ní wọ́ọ̀dù kan lọ́dún 2009, New York gbà á lọ́dún 2011, Paris lọ́dún 2014.

Ó yẹ ká sọ ibi tó ti wó pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ Òṣèlú Àwọn Òṣìṣẹ́ pàdánù ìbò lọ́dún 2004 lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún lórí àléfà. Ìjọba tó tẹ̀ lé e kò pa á rẹ́, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń fi síbẹ̀ ń dín kù, iṣẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí ń kó jọ láìṣe, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí ni àwọn tún ń wá sípàdé wá ṣe. Lọ́dún 2017, olórí ìlú dá a dúró pé kò sówó. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ hàn gbangba: ìpàdé tí kò ní owó nídìí, ariwo lásán ni. Ọjọ́ tí ìjọba bá ti dáwọ́ owó dúró ni èrò máa túká, kò sí bí ètò náà ṣe lè lórúkọ tó.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé orílẹ̀-èdè olówó nìkan ni irú èyí ti lè wáyé, kó wo Uganda. Àwọn olùwádìí tọpa owó tí ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàrin ọdún 1991 sí 1995. Nínú ọgọ́rùn-ún ṣílè, mẹ́tàlá péré ló ń dé ilé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ àwọn aláṣẹ ẹkùn àti àwọn olóṣèlú ni ìyókù ń há sí. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí ilé ẹ̀kọ́ lẹ iye tó bá dé mọ́ ara ògiri. Òbí tó bá ti mọ iye tó yẹ kó dé, ó mọ iye tó máa béèrè. Nígbà tó di ọdún 2001, ohun tó ń dé ilé ẹ̀kọ́ ti lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

Tiwa ńkọ́? Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù ní 137 nínú rẹ̀: Ọ̀yọ́ 33, Ọ̀ṣun 30, Èkó 20, Ògùn 20, Òndó 18, Èkìtì 16. Nínú àpò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pín lóṣooṣù, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn ni òfin gbé ọjà lé lọ́wọ́, àti gáréèjì, gọ́tà, iná ojú pópó, itẹ́ òkú, ibi ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ ìgboro, kíkó ìdọ̀tí, fífún òpópónà lórúkọ, títí dórí ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, ìgbéyàwó àti òkú. Láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sí iṣẹ́ ìjọba tó sún mọ́ èèyàn tó èyí.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní ni owó náà ń wọ̀, ọwọ́ gómìnà sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kò bófin mu kí gómìnà dá owó ìjọba ìbílẹ̀ dúró, pé kí wọ́n máa san án tààrà fún kánsù tí ará ìlú bá dìbò yàn. Ìdájọ́ ńlá ni. Ìmúṣẹ rẹ̀ ló ń fà bí ìgbín.

Bó bá tilẹ̀ wá sí ìmúṣẹ pátápátá, ìlàjì ọ̀nà ni. Owó tó bá kúrò lọ́wọ́ gómìnà tó bọ́ sọ́wọ́ alága kò tíì dé ọwọ́ ará ìlú. Gbogbo àríyànjiyàn tó ń lọ láàrin gómìnà àti alága, ọ̀rọ̀ ẹni tó máa di àpò mú ni. Ẹni tó máa sọ ohun tí wọ́n á fi owó inú rẹ̀ ṣe, ẹnu rẹ̀ kò tíì wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà sì ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò èyíkéyìí ní Ìkòròdú, ní Ọ̀tà tàbí ní Ìbàdàn. Wọ́n á ka ìwé ìpàdé tó kọjá. Akápò á dìde: lándíọ̀dù kọ̀ọ̀kan dá iye báyìí, owó tíráńsífọ́mà jẹ́ báyìí, a fún wẹ́dà ní báyìí, rìsíìtì rẹ̀ nìyí, ó ku báyìí. Bí náírà ẹgbẹ̀rún kan bá sọnù nínú ìṣirò yẹn, ẹnì kan á nàka. Àwọn kan náà tí wọ́n ń fi owó ara wọn ra òpó iná, tí wọ́n ń ra yẹ̀pẹ̀ dí kòtò, tí wọ́n ń sanwó ọlọ́dẹ, ló ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà àti ní gáréèjì fún kánsù. Wọ́n ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ akápò àdúgbò, ṣùgbọ́n kánsù ò ka ìwé owó kankan sí wọn létí rí.

Ohun tí wọ́n ń ṣe dípò rẹ̀ ni ìpàdé gbọ̀ngàn. Wọ́n á ta kánópì, wọ́n á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ á wọ ankara. Ọba á súre, ìyálọ́jà á dúpẹ́, alága á ka iṣẹ́ tó ti ṣe. Wọ́n á pín ìrẹsì àti omi, wọ́n á ya fọ́tò, gbogbo èèyàn á sì túká. Ẹnì kankan kò mọ iye tó wà nílẹ̀, kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ohun tí òun béèrè wọ ibì kankan. Ìyẹn kọ́ ni ìlú ń dá sí ìṣúná.

Àìbéèrè yìí ń náni lówó. Kánsù á wó ọjà, á kọ́ ṣọ́ọ̀bù alájà méjì sí i, owó rẹ̀ á wọ́n ju ohun tí ìyá alátà lè san lọ, á sì bọ́ síta lọ pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí wọ́n bá ti bi àwọn obìnrin náà léèrè kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ náà jáde, ohun tí wọ́n máa sọ kò ju ilé ìyàgbẹ́ tó lómi, gọ́tà tó ń ṣàn, iná alẹ́ àti òrùlé tí kì í jò. Iye rẹ̀ ìbá kéré, àǹfààní rẹ̀ ìbá sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí èèyàn lè fi dúró wà nílẹ̀. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti wà láti ọdún 2011: ẹnikẹ́ni lè kọ ìwé sí iléeṣẹ́ ìjọba láti béèrè àkọsílẹ̀, kò sì pọn dandan kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí de gbogbo ìpínlẹ̀, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àjọ BudgIT, tí Olúṣeun Onígbìndé jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2011, ń tú ìwé ìṣúná sí èdè tó yé mẹ̀kúnnù. Láti ọdún 2014 ni apá kan iṣẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Tracka ti ń gbé ìwé iṣẹ́ ìjọba lọ sí àwọn ìlú àti abúlé, tí wọ́n ń sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé iye báyìí ni wọ́n ní àwọn fi kọ́ ilé ìwòsàn yín, ẹ fi hàn wá. Níbi tí ará ìlú bá ti ní ìwé náà lọ́wọ́, agbaṣẹ́ṣe tó ti sá lọ máa ń padà wá síbi iṣẹ́. Látọdún bíi mélòó kan báyìí, púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ ń gbé ìṣúná wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ló ṣì ṣòro láti rí.

Alága tó bá fẹ́ ṣe é kò nílò òfin tuntun. Kó ya apá kan owó iṣẹ́ ọdún sọ́tọ̀, kó sọ iye rẹ̀ síta, kó pín in sí wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìlànà tí gbogbo èèyàn lè kà, kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan to ohun tó ń fẹ́ léra, kó sì padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e wá jíhìn. Alága kan ṣoṣo tó bá kọ́kọ́ ṣe é nínú àwọn 137 yẹn máa dójú ti àwọn tó kù.

Láàrin oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá ni ọ̀pọ̀ kánsù ń ṣètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ lè kọ lẹ́tà: ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá ta kánópì. Ẹ kọ ìwé sí alága yín báyìí, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, ẹ béèrè ìwé ìṣúná ọdún yìí àti iye tó ti wọlé láti oṣù kìíní. Kí ẹ̀yin tí ẹ gbé ìwé náà lọ gba ọjọ́ àti òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì padà lọ lọ́jọ́ kẹjọ.